Àmáànà Kì í Ṣe Ohun Ìjà

 



Lẹ́yìn ìrun àlàásárì ọjọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní kéwú nígbà kan rí wá bá mi. Ó ti di òṣìṣẹ́ ìjọba báyìí. Nígbà tó kúnlẹ̀ kí mi tán, ó ní: "Ààfáà, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹnì kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Kò sí ibi tí kò tíì bà mí jẹ́ dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti rò mí lẹ́jọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, irọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ní báyìí, fáìlì kan tó jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sórí tábìlì mi. Bí mo bá jókòó lé e fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ọ̀gá yóò bínú sí i, èmi náà yóò sì sinmi. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Mo ní kí ó ṣe sùúrù, kí ó gbé fáìlì náà fún ẹni tó ni iṣẹ́. Ó dúpẹ́, ó lọ. Ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ìdáhùn mi kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn. Sùúrù dára, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń ṣe ní ibi lójoojúmọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìdí tí a fi ní kí ó ṣe é. Ìdáhùn tó yẹ kí n fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ló wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tí yóò dé ẹnu iṣẹ́ láìpẹ́.

Kí n tó wàásù, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́

Mo mọ bí ohun tí ọmọ yẹn ń rò ṣe ń dùn mọ́ ọkàn, nítorí èmi náà ti ṣe é rí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo ń kọ́ni ní ilé-kéwú kan tí n kò ní dárúkọ. Èmi àti olùkọ́ kan níbẹ̀ kì í rí ojú ara wa. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣe igbákejì ọ̀gá ló dá a sílẹ̀. Ó ń sọ kiri pé mo ń fi yunifásítì tí mo lọ ṣe fáàrí. Èmi náà ń sọ kiri pé ẹnu nìkan ló ní, kò ní ìmọ̀.

Ìwé tí a ń kọ máàkì kíláàsì àṣekágbá sí wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gbẹ́ni yìí nílò rẹ̀ kí ó tó lè parí èsì ìdánwò àwọn ọmọ. Ó rán ọmọ sí mi. Mo ní kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Kò wá, èmi náà kò sì gbé e sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣe é. Nígbà tí ọ̀gá fi máa dá sí i, ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan dá fún gbígba ìwé àwọn tó fẹ́ wọlé ti kọjá, ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì náà kò sì rí èsì rẹ̀ mú lọ. Ó jókòó sílé fún ọdún kan gbáko. Kò mọ ohun tó fà á. Nígbàkígbà tó bá pàdé mi lójú ọ̀nà, á dọ̀bálẹ̀, á ní: "Ẹ kú iṣẹ́ sà." Ìkíni yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ta ni mo borí nínú ìjà náà? Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kò pàdánù kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá mi jà, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìjà wà, ni ẹgba náà bà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìjà àwọn tí a fi iṣẹ́ ìlú sí lọ́wọ́ kì í pa àwọn tó ń jà á bí ó ti ń pa ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ọ́fíìsì tí ìjà inú rẹ̀ burú jù

Ilé-kéwú kékeré ni tèmi. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ibi tó ti wúwo jù, ìyẹn ọ́fíìsì àwọn agbefọ́ba, àwọn tí ń fi orúkọ ìjọba pe ọ̀daràn lẹ́jọ́. Bí wọ́n bá pa ènìyàn tàbí tí wọ́n digun jalè ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọlọ́pàá ni yóò kọ́kọ́ wádìí. Lẹ́yìn náà ni fáìlì yóò lọ sí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Abẹ́òkúta, lọ́dọ̀ ẹ̀ka tí í bójú tó ẹjọ́ ọ̀daràn, tí ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ ẹni tí àwọn lọ́yà ń pè ní DPP. Ọ́fíìsì yìí ni yóò ka fáìlì, tí yóò sì sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Kí ìmọ̀ràn náà tó dé, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lè wà ní àtìmọ́lé, ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi náà sì wà nílé tó ń retí ìdájọ́.

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹjọ́ ọ̀daràn, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015, fún agbẹjọ́rò àgbà ìjọba ní ọjọ́ 14 láti fi ìmọ̀ràn náà ránṣẹ́ lẹ́yìn tí fáìlì bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin lọ́tọ̀, ìṣe lọ́tọ̀. Nínú àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n káàkiri Nàìjíríà, nǹkan bí ẹni méjì nínú ẹni mẹ́ta ni ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́ rárá. Ńṣe ni wọ́n ń dúró. Òmíràn nínú wọn jẹ̀bi, òmíràn kò mọ nǹkan kan. A kò lè mọ̀, àfi tí ẹnì kan bá ṣí fáìlì.

Ẹ wá fojú inú wo lọ́yà méjì nínú irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń wá àga kan náà. Ọ̀kan sún mọ́ àwọn tó wà nípò, èkejì ń retí àwọn tí yóò gba ìjọba lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀kan gbé fáìlì èkejì pa mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó lè dà bí ọ̀lẹ lójú ọ̀gá. Èkejì náà kò jẹ́ kí ẹlẹ́rìí tètè gba ìwé ìpè, kí ẹjọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè bàjẹ́ ní kóòtù. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń kà lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n adájọ́ ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́ta yẹn bá mú kí ìgbẹ́jọ́ kan yẹ̀, ó lè di oṣù mẹ́ta kí ó tó tún kàn wọ́n. Bíríkìlà tí wọ́n mú ní àṣìmú ni yóò fi oṣù mẹ́ta náà sùn lórí símẹ́ńtì, ìyàwó rẹ̀ ni yóò sì máa gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún yín pé ọjọ́ mẹ́ta péré kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta.

Agbára tó wà nínú ọ́fíìsì yìí pọ̀. Orí 174 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti pe ẹjọ́ ọ̀daràn, láti gba ẹjọ́ tí ẹlòmíràn ti pè, àti láti dá a dúró. Orí 211 fún ti ìpínlẹ̀ ní irú àṣẹ kan náà. Òfin náà kò sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa wo ire ará ìlú àti ìdájọ́ òdodo, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kóòtù ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó di agbára yìí mú jẹ́ mínísítà tàbí kọmíṣọ́nnà pẹ̀lú. Olóṣèlú ló yàn án, olóṣèlú ló sì lè yọ ọ́. Ojú ihò yìí ni ejò ń gbà wọlé.

Ohun tí ojú wa rí ní Àbújá

Kí ẹnikẹ́ni má ba à rò pé àlọ́ ni mo ń pa, ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2007. Mallam Nuhu Ribadu ni alága àjọ EFCC nígbà náà, àjọ tí ń gbógun ti jìbìtì àti ìkówójẹ, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2003. Ọ̀gbẹ́ni Michael Aondoakaa ni mínísítà ètò ìdájọ́ lábẹ́ Ààrẹ Umaru Yar'Adua. Ìjọba kan náà ni àwọn méjèèjì ń sìn, ṣùgbọ́n adìyẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba kéde pé kí EFCC máa gba àṣẹ lọ́dọ̀ mínísítà yìí kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Mínísítà ní òfin ni òun ń dáàbò bò. Àwọn kan ní àwọn gómìnà àná ló fẹ́ dáàbò bò. Àwọn mìíràn sì wà tó ní EFCC fúnra rẹ̀ ti jẹ́ pàṣán tí ìjọba tó kọjá fi ń na àwọn alátakò rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. N kò fẹ́ ṣe adájọ́ láàárín wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fáìlì ni kí ẹ bá mi wò. Ní oṣù kejìlá 2007, EFCC mú James Ibori, ẹni tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Delta láti 1999 sí 2007. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ní kí Ribadu fi àga sílẹ̀, kí ó lọ kàwé ní Kuru, lẹ́bàá Jos. Kò padà sórí àga náà mọ́. Ní 2008 wọ́n rẹ ipò rẹ̀ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, nígbà tó sì di ìparí ọdún náà wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó sá kúrò ní Nàìjíríà. Ní oṣù kejìlá 2009, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Asaba da gbogbo ẹ̀sùn 170 tí wọ́n fi kan Ibori nù.

Ní oṣù kejì 2012, Ibori kan náà dúró níwájú ilé-ẹjọ́ Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi. Owó tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí tó nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 13. Nígbà tó di 2021, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà láti dá mílíọ̀nù pọ́n-ùn 4.2 padà sí Nàìjíríà nínú ohun ìní tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

N kò ní sọ pé ìjà Àbújá nìkan ló fa ìdájọ́ Asaba. Ohun tó ń mú ẹjọ́ dàbí ó ti dà pọ̀. Ìbéèrè mi ni pé, ní ọdún méjì tí àwọn ọ̀gá fi ń wá ọ̀nà láti yọ ara wọn nípò, ta ni ń ṣọ́ fáìlì náà? Ribadu dìde padà. Ìjọba yí ìlékúrò rẹ̀ sí ìfẹ̀yìntì ní 2010, ó sì di olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò ní 2023. Aondoakaa kúrò ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní oṣù kejì 2010, ó sì ń bá ayé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kàwé ní Delta lọ́dún 2007 ti dàgbà. Kò sí ẹni tó lè dá ọdún yẹn padà fún un, kódà bí gbogbo owó náà bá padà wálé lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ibrahim Magu di adelé alága EFCC ní oṣù kọkànlá 2015. Ààrẹ Buhari fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin àgbà kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ìwé tí àjọ DSS kọ, àwọn tó jẹ́ pé Ààrẹ kan náà ni ọ̀gá wọn, ni àwọn aṣòfin dì mú tí wọ́n fi kọ̀ ọ́, lákọ̀ọ́kọ́ ní oṣù kejìlá 2016, lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù kẹta 2017. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá 2017, àwọn òṣìṣẹ́ EFCC lọ mú ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà DSS rí nílé rẹ̀ ní Àbújá. Àwọn òṣìṣẹ́ DSS tó gbé ìbọn lọ́wọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò wọlé. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan gbé ìbọn, òṣìṣẹ́ ìjọba kejì gbé ìbọn, ará ìlú ló ń sanwó oṣù àwọn méjèèjì.

Ní ọdún 2020, Ọ̀gbẹ́ni Abubakar Malami, mínísítà ètò ìdájọ́ ìgbà náà, kọ̀wé ẹ̀sùn nípa Magu sí Ààrẹ. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje, wọ́n mú Magu lọ síwájú ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Ayo Salami ṣe alága rẹ̀. Magu ní òun kò jẹ̀bi. Ìgbìmọ̀ náà gbé àbọ̀ rẹ̀ fún Ààrẹ ní oṣù kọkànlá. Ẹni tó jẹ tẹ̀lé e, Abdulrasheed Bawa, wọ́n dá òun náà dúró ní oṣù kẹfà 2023, ó sì lò ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ ní àtìmọ́lé DSS.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ẹ má ṣe sọ pé àwọn tí kò mọ Ọlọ́hun ló ń ṣe irú èyí. Ẹ tún àwọn orúkọ tí mo dá wọ̀nyí kà. Púpọ̀ nínú wọn, orúkọ tí à ń sọ ọmọ wa ni. A jọ ń kirun, a jọ ń gbààwẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ kí ó ká wa lára.

Ẹ̀wù irin kan ní Mẹ́dínà

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí ẹ̀sìn wa, kí a wo bí wọ́n ṣe yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí nígbà ayé Ànábì. Àwọn onítafsīr ròyìn ohun tó fa àwọn āyah kan nínú Sūratun-Nisā’, láti āyah 105 lọ. Wọ́n ní ẹnì kan nínú ìdílé Banū Zafar, tó ń jẹ́ Tu‘mah ọmọ Ubayriq, jí ẹ̀wù irin tí wọ́n fi ń jagun. Nígbà tó rí i pé àṣírí fẹ́ tú, ó gbé e pa mọ́ sí ilé Yahūdī kan. Àwọn ará ilé rẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, wọ́n ní ọwọ́ ọmọ àwọn mọ́, Yahūdī yẹn ni olè.

Ẹ wo bí ọ̀nà náà ṣe rọrùn tó. Mùsùlùmí ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n pọ̀, wọ́n lẹ́nu. Ẹnì kan ṣoṣo ni èkejì, kò sì sí nínú ẹ̀sìn. Ẹ̀wù náà sì wà nílé rẹ̀. Láti òkè ni Ọlọ́hun ti sọ āyah kalẹ̀, tó fọ Yahūdī náà mọ́, tó sì kìlọ̀ fún Ànábì kí ó má ṣe di alágbàwí fún àwọn oníjàǹbá. Bí Ọlọ́hun kò bá jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀tọ́ aláìgbàgbọ́ kan wá ojú rere àwọn Mùsùlùmí, irú àwa wo ni yóò fi ẹ̀tọ́ bíríkìlà wá ipò igbákejì ọ̀gá?

Nínú Súrà yìí kan náà, ní āyah 58, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ pé kí a dá àmáànà padà fún àwọn tó ni ín, kí a sì ṣe òdodo bí a bá ń dájọ́. Nínú Sūratul-Mā’idah, āyah 8, Ó kìlọ̀ pé ìkórìíra tó wà láàárín àwa àti àwọn kan kò gbọdọ̀ tì wá dé ibi tí a ó ti kọ òdodo sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé kí a má ṣe ní ìkórìíra lọ́kàn rárá. Ó mọ̀ wá. Òun ló dá wa. Ibi tí ìkórìíra gbọdọ̀ dúró sí ni Ó fi hàn wá.

Ibi tí ààlà wà

Ìdáhùn tó yẹ kí n fún ọmọ-kéwú mi nìyí. Ohun méjì ló wà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́: ohun tí í ṣe tirẹ̀, àti ohun tó kàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ, ìwé ẹ̀sùn tí o fọwọ́ ara rẹ kọ, ẹlẹ́rìí rẹ, àkókò rẹ, iṣẹ́ tí o lè fi sílẹ̀, àdúà rẹ: tìrẹ ni gbogbo ìwọ̀nyí. Bí wọ́n bá ṣe ọ́ ní ibi, o lè fi wọ́n jà. Ṣùgbọ́n fáìlì, èdìdì, kọ́kọ́rọ́, owó ọ́fíìsì, máàkì ọmọ ilé-ìwé, ọjọ́ ẹjọ́: wọ́n wà lọ́wọ́ rẹ ni, wọn kì í ṣe tìrẹ. Ẹni tó ni wọ́n ń bẹ níta, kò sì gbé wọn fún ọ pé kí o fi jà. Ẹni tó fi wọ́n jà ti jalè, bí kò tilẹ̀ mú kọ́bọ̀ lọ sílé.

Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹnì kan nínú yín: "Ààfáà, bí ẹni burúkú bá ń fi fáìlì pa mí, tí èmi sì ń ṣe rere, òun ni yóò dé orí àga. Ṣé kí a wá fi ọ́fíìsì sílẹ̀ fún àwọn òṣìkà ni?" Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fẹ́ fi ẹ̀rín rẹ́ ẹ lọ. Lóòótọ́, ó lè dé orí àga. Ẹ̀sìn wa kò sì ní kí a panu mọ́. Nínú Sūratun-Nisā’, āyah 148, Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún ẹni tí wọ́n ṣe àbòsí sí kí ó ké. Ké, kọ̀wé, pè é lẹ́jọ́, wá ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n bí ìwọ náà bá fi fáìlì jà kí o tó dé orí àga, ta ló dé ibẹ̀? Òṣìkà náà ló dé ibẹ̀, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀nà tí o gbà wọlé kò ní kúrò lára rẹ nígbà tí o bá jókòó tán.

Ẹlòmíràn yóò bi mí pé: bí ọ̀tá mi bá mú ẹ̀sùn wá nípa ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Òtítọ́ kì í di irọ́ nítorí pé ọ̀tá ló sọ ọ́. Yẹ ẹ̀sùn náà wò bí ìgbà tí àjèjì bá gbé e wá. Bí o bá mọ̀ pé ọkàn rẹ kò lè ṣe é, yálà nítorí ìfẹ́ tàbí nítorí ìkórìíra, yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Àwa tó ń dúró wòran náà ní ẹ̀bi tiwa. Ìjà ọ̀gá méjì kì í gbóná bí kò bá sí àwọn tó ń fẹ́ ẹ: akọ̀wé tó ń sọ ohun tí ẹni yìí wí fún tọ̀hún, dírẹ́bà tó ń gbé òfófó láti ilé dé ilé, ọmọ iṣẹ́ tó ń pín ọ́fíìsì sí ọmọ tẹni yìí àti ọmọ tẹni yẹn. Ànábì wa kìlọ̀ gidigidi pé olófòófó kò ní wọ Àlùjáńnà. Ẹ̀yin arábìnrin àti arákùnrin mi tí ẹ jẹ́ ọmọ iṣẹ́ lásán, bóyá àga ọ̀gá kò sí lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ahọ́n yín wà lẹ́nu yín.

Àwa Ìjẹ̀bú mọ ìdíje. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, régbérégbé kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ kí aṣọ tòun ta yọ, kí ijó tòun gba ẹnu ènìyàn. Ó dùn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n kò sí régbérégbé tí í ti ọ̀nà mọ́ èkejì kí ó má lè dé iwájú ọba. A lè du ipò láìdí ọ̀nà.

Ẹ sì rántí Khālid ọmọ Walīd. Ọ̀gágun tó borí ní ojú ogun púpọ̀ ni. Nígbà tí ‘Umar di khalīfah, ó yọ ọ́, ó fi Abū ‘Ubaydah sí ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá kó ọmọ ogun rẹ̀ sẹ́yìn, tàbí kí ó jókòó sílé máa retí kí ogun ṣẹ́ ẹni tuntun. Khālid gbé idà rẹ̀, ó ń jà lọ lábẹ́ àṣẹ ẹni tó gba ipò rẹ̀. Idà náà kì í ṣe ti ‘Umar lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ó mọ ẹni tí òun ń bá ṣiṣẹ́.

Ohun tó kù fún mi

Nígbà tí mo kọ ìwé yìí dé ibi tí mo ti jẹ́wọ́ lókè, mo fi kálámù sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́hun, ìrònúpìwàdà a máa tó o. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀tọ́ ènìyàn bá wà níbẹ̀, àfi kí a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun lórí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn, n kò sì lọ bá òun fúnra rẹ̀ rí. Ojú ń tì mí. Olùkọ́ ni mí.

Mo lọ bá a ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí dé ìdí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní: "Ẹ̀yin ni, sà? Ọdún yẹn ni bàbá mi kú, owó ilé-ìwé sì di wàhálà nígbà tí mo padà wọlé. Èmi ti gbà pé àyànmọ́ mi ni." Lẹ́yìn náà ló ní òun ti fi jì mí. N kò mọ̀ bóyá ó ti tán nínú rẹ̀ pátápátá. Ó dọ̀bálẹ̀ nígbà tí mo ń lọ, ṣùgbọ́n kò sọ pé "Ẹ kú iṣẹ́." Mo mọ̀ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ-kéwú mi, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ: gbé fáìlì náà fún ẹni tó ni iṣẹ́. Má ṣe é nítorí ẹni tó ń bà ọ́ jẹ́. Kò tọ́ sí i. Ṣe é nítorí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì, tí kò mọ̀ ọ́, tí ìwọ náà kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, mú bébà tìrẹ, kọ ohun tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ṣe sí ọ, fọwọ́ sí i, kí o gbé e fún ọ̀gá lójú mọmọ.

Kí Ọlọ́hun má fi iṣẹ́ ìlú dán wa wò ju agbára wa lọ. Kí Ó fún àwọn tí ń pe ẹjọ́ ní orúkọ wa ní ojú tí ó rí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Kí Ó sì jẹ́ kí a dá àmáànà padà ní mímọ́ kí ọjọ́ tí Òun fúnra Rẹ̀ yóò ṣí fáìlì wa tó pé. Āmīn.